Ọkọ̀ mi gbóhùn mì lójú ọ̀run, ṣé kí n tú gbogbo dáṣíbọọ̀dù ni?

Àjàní, Houston

Ẹ̀yin ará, ẹ gbà mí o. N kò tíì kúrò ní háńgà tí mo fi ń kọ èyí, ọwọ́ mi ṣì ń gbọ̀n. Ọkọ̀ òfurufú kékeré Cherokee 140 tí mo rà lóṣù karùn-ún, ti 1967, ni mo gbé fò láàárọ̀ yìí. Ó ku bíi máìlì mẹ́jọ kí n dé pápá, mo tẹ bọ́tìnnì kí n bá tówà sọ̀rọ̀, ohùn mi gé. Mo ń gbọ́ wọn, wọn ò gbọ́ mi. Kò pẹ́, èmi náà ò gbọ́ wọn mọ́. Mo yí transponder, ẹ̀rọ tó ń fi nọ́ńbà àti gíga ọkọ̀ hàn lójú rédà, sí 7600, àmì pé rédíò ti kú, mo wọ àyíká pápá, mo tẹjú mọ́ tówà bí ọmọ tó ń wo ojú ìyá rẹ̀, títí wọ́n fi tan iná aláwọ̀ ewé tí kì í ṣẹ́jú sí mi. Mo sì balẹ̀.

Mẹkáníìkì ibí wò ó lókèèrè, kò fọwọ́ kan nǹkan kan, ó ní ká tú gbogbo ẹ̀ dànù: rédíò KX-170B méjèèjì, ADF tó jẹ́ ẹ̀rọ atọ́nà àtijọ́, páǹpù fákúọ̀mù tó ń yí gyro, ká fi ojú gíláàsì tuntun, àwọn ojú bíi ti kọ̀ǹpútà, rọ́pò. $28,000. Ọkọ̀ tí mo ra $43,000! Ó fẹ́ gba àsansílẹ̀ lọ́jọ́ Ajé. Kí ni kí n ṣe?

Mo tún fa transponder yọ lẹ́yìn tí mo balẹ̀, mo nu ẹnu ẹ̀, mo tì í padà. Ó tàn. Ìyẹn náà dáa, àbí?

Àkànkẹ́, Atlanta

O kú ewu, àbúrò mi. Ẹni tí wọn ò tíì tan iná ewé yẹn fún rí kò mọ bó ṣe ń fi ọkàn ẹni balẹ̀ tó. Má san nǹkan kan lọ́jọ́ Ajé.

Ìparí 2019 ni èmi ṣe tèmi, nígbà tí gbogbo ayé ń sáré fi ADS-B, ẹ̀rọ tó ń kéde ibi tí ọkọ̀ wà, sínú ọkọ̀ kí ọjọ́ tí òfin dá, ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2020, tó bá wa. Mo ní níwọ̀n ìgbà tí wọ́n ti ń ṣí dáṣíbọọ̀dù, kí wọ́n kúkú pààrọ̀ rédíò náà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n dá fún mi, oṣù mẹ́rin ni mo fi wa mọ́tò lọ síbi tó yẹ kí n fò lọ. Ọjọ́ tí mo gbé e jáde, ariwo "ṣáááá" tó wà nínú rédíò àtijọ́ ló tún ń dún nínú tuntun. Waya tó lọ sí antenna ni! Èyí tí wọ́n bí mọ́ ọkọ̀ náà, ẹnu ẹ̀ ti dípẹtà, ó ti yí padà di àwọ̀ ewé. Kò sẹ́ni tó wo ibẹ̀. Èmi náà ò sọ pé kí wọ́n wò ó, torí ojú rédíò tuntun ni mo tẹjú mọ́.

Àlàó, Dallas

Ẹ jẹ́ kí n bi í léèrè ohun kan kí ẹ tó máa bá a náwó. Iṣẹ́ mi nìyí, ọdún kẹrìnlá rèé.

Àjàní, nígbà tí ohùn gé, kí ni ammeter, ojú tó ń ka iná, ń sọ? Ti Cherokee ò rí bíi ti Cessna àtijọ́ tó ń fi hàn bóyá bátìrì ń gba iná tàbí ó ń tú u jáde. Iye iná tí alternator, ẹ̀rọ tó ń pèsè iná, ń gbé jáde ni ti Cherokee ń kà. Tó bá ti wà lórí òdo, alternator ti fi ẹ́ sílẹ̀ nìyẹn, ara bátìrì nìkan lo ń jẹ. Rédíò tó ń sọ̀rọ̀ sì ń jẹ iná ju èyí tó ń gbọ́rọ̀ lọ fíìfíì. Ìdí nìyẹn tí ẹnu fi máa ń kọ́kọ́ kú, kí etí tó tẹ̀ lé e. Bó o ṣe ròyìn ẹ̀ gẹ́lẹ́ nìyẹn.

Wo bẹ́líìtì alternator. Wo waya field tó wọ inú ẹ̀. Lẹ́yìn náà wo ìdí bátìrì: kébù alumíníọ̀mù ni Piper fi sínú àwọn ọkọ̀ ìgbà náà, ó máa ń dípẹtà lábẹ́ ìdè ẹ̀ níbi tójú ò tó. Kébù bàbà tó ní STC, ìwé àṣẹ ìjọba fún ìyípadà lára ọkọ̀, wà tí wọ́n fi ń rọ́pò ẹ̀. Tó bá jẹ́ ibẹ̀ ni àìsàn wà, tó o wá lọ fi gíláàsì $28,000 sí i, inú òkùnkùn ni gíláàsì náà máa wà.

Ti transponder: rárá o, kò dáa.

Àyìnlá, Chicago

Kí ló burú níbẹ̀? Ìdè kan péré ló dè é mọ́lẹ̀. Ọdún mẹ́wàá ni mo ti ń fa tèmi yọ, mo ń tì í padà.

Àlàó, Dallas

Ẹ̀gbọ́n, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n ẹ má kọ́ ọmọdé ní èyí. Òfin ọkọ̀ òfurufú Amẹ́ríkà, Part 43, Appendix A: ó ka iṣẹ́ tí ẹni tó ni ọkọ̀ lè fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe tó bá ti ní ìwé àṣẹ awakọ̀. Táyà wà níbẹ̀, plug wà níbẹ̀. Rédíò tó ń wọ inú tírè láti iwájú dáṣíbọọ̀dù wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Àmọ́ orúkọ gan-an ni wọ́n fi yọ transponder sílẹ̀, òun àti DME tó ń wọn ọ̀nà jíjìn àti ẹ̀rọ tó ń darí ọkọ̀ fúnra ẹ̀. Ká ní KX-170B ni Àjàní fà yọ, mi ò ní sọ̀rọ̀, bó bá ti kọ ọ́ sínú logbook.

Àyìnlá, Chicago

Òfin yẹn le jù. Ó nu ún ni, kò tún un ṣe.

Àbíkẹ́, Houston

Bọ̀dá Àyìnlá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Mo nu tèmi bẹ́ẹ̀. Ìdè di mú, nọ́ńbà hàn, mo ní ó parí. Mo gbéra, mo pe àwọn ará Approach tó ń darí ọkọ̀ láti ilẹ̀ pé mo fẹ́ gba inú Class B, òfurufú àyíká pápá ńlá, kọjá. Wọ́n ní gíga tí wọ́n ń rí lára mi yàtọ̀ sí èyí tí mo ń pè. Ẹsẹ̀ bàtà irínwó! Pín-ìn-nì kékeré kan ló tẹ̀ lẹ́yìn ibẹ̀ nígbà tí mo ń tì í, níbi tí encoder, ẹ̀rọ tó ń ka gíga, ti ń fi í ránṣẹ́. Gíga yẹn ni ọkọ̀ akérò ńlá ń kà láti mọ̀ bóyá kó yẹra fún mi. Wọ́n dá mi padà. Mo sanwó àtúnṣe, mo tún sanwó àyẹ̀wò transponder tí òfin 91.413 béèrè, tó ku oṣù mọ́kànlá kó tó yẹ kí n ṣe é. Ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé "ó tàn" yàtọ̀ sí "ó ń sọ òótọ́".

Àjàní, inú agboolé Houston kan náà la wà. Gbé e lọ fún àyẹ̀wò kó o tó fò.

Àyìnlá, Chicago

Ẹsẹ̀ bàtà irínwó… Ó dáa, mo gbọ́. Mi ò mọ̀ pé pín-ìn-nì lè tẹ̀ bẹ́ẹ̀. N kò ní fa tèmi mọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ má gba gbogbo gíláàsì lọ́wọ́ ọmọ yìí. Páǹpù fákúọ̀mù yẹn, kó yọ ọ́. Èyí tí kò lo òróró, abẹ́ kábọ́ọ̀nù ló wà nínú ẹ̀, kì í ṣàìsàn kó tó kú. Tèmi kú nínú àwọ̀sánmà. Horizon, ojú tó ń fi hàn bóyá ọkọ̀ tẹ̀, ò ṣubú lẹ́ẹ̀kan náà, díẹ̀díẹ̀ ló ń tẹ̀, bí àgbà tó ń tòògbé, èmi náà sì ń tẹ̀ lé e láìmọ̀. Turn coordinator, ojú tó ń fi hàn bí ọkọ̀ ṣe ń yà, tó ń fi iná mànàmáná ṣiṣẹ́ ló gba ẹ̀mí mi là. G5, ojú gíláàsì kékeré kan, ló wà níbẹ̀ báyìí, ó ní bátìrì tirẹ̀. Tí ọkọ̀ bá pa gbogbo iná, òun á ṣì máa fi ojú ọ̀run hàn mí. Owó tí mo ná sórí ẹ̀ kò dùn mí rí.

Àlàó, Dallas

Ibẹ̀ la ti pàdé, ẹ̀gbọ́n. Ohun kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan ni kó ṣe, waya àti iná ni àkọ́kọ́. Kí wọ́n sì wọn ìwúwo ọkọ̀ padà sínú ìwé. ADF tó ti kú pẹ̀lú waya ẹ̀ gígùn yẹn, ẹrù lásán ni, kó yọ ọ́, kó sì yọ ọ́ kúrò nínú ìwé pẹ̀lú. Lẹ́yìn náà, compass: irin àti iná tuntun á fà á síbòmíràn, wọ́n gbọ́dọ̀ tún un yẹ̀ wò.

Àrẹ̀mú, Calgary

Àjàní, bó o bá ń ronú àti ra rédíò àlòkù lórí íntánẹ́ẹ̀tì, gbọ́ tèmi. Cessna 172 ti 1976 ni mo ní. Mo rí rédíò KX 155 tó mọ́ tónítóní. Mo rà á lálẹ́, ó dé lọ́jọ́ karùn-ún, mo tì í wọlé, kò mí. Volt 28 ni! Ọkọ̀ mi, volt 14. Inú 1978 ni 172 bọ́ sí 28. Ojú kan náà ni rédíò méjèèjì, nọ́ńbà ẹ̀yìn nìkan ló yàtọ̀, mi ò sì yí i padà wò. Ẹni tó tà á ní òun ò gba ọjà padà. Kò tún ní 8130-3, ìwé ẹ̀rí pé ẹ̀rọ náà dára fún fífò, torí náà mi ò rí ẹni tó lókìkí kan tó fẹ́ bá mi rà á. Ó wà lórí tábìlì mi títí di òní.

Àkànkẹ́, Atlanta

Pẹ̀lẹ́, Àrẹ̀mú. Ká ní tìẹ ni volt 14 tó o sì tì í sínú ọkọ̀ 28, èéfín lò bá máa sọ fún wa.

Àdùkẹ́, London

Ẹ̀yin ará Amẹ́ríkà ṣì ń lo KX-170B? Ẹ̀ ń gbádùn. Ní tiwa níhìn-ín, òfin ìlà rédíò tóóró, 8.33 kHz, ti gbà á lọ́wọ́ wa. Èyí tí mo yọ nínú Cessna 150 mi ṣiṣẹ́ dáadáa títí di ọjọ́ tí mo yọ ọ́, kò ní àléébù kan ju pé ìlà rẹ̀ fẹ̀ jù. Mo sunkún díẹ̀. Ohùn rẹ̀ dùn ju tuntun lọ.

Àyìnlá, Chicago

Àǹtí Àdùkẹ́, ọjọ́ mélòó lọ́dún ni òjò London ń fún yín láyè àtifò tẹ́ ẹ fi nílò rédíò?

Àdùkẹ́, London

Chicago náà ń sọ̀rọ̀! Ẹ̀yin tí wọ́n fi katapílà gbẹ́ pápá Meigs yín lóru mọ́jú ní 2003, tí àwọn ọkọ̀ ṣì wà lórí ilẹ̀!

Àbíkẹ́, Houston

Háà! Ẹ gbé ìlú tó dáa wá ká wò ó. Houston là ń fò láti oṣù kìíní dé oṣù kejìlá.

Àlàó, Dallas

Ẹ ń fò, ìpẹtà sì ń fò pẹ̀lú yín. Ọ̀rinrin etí òkun yín ló ń jẹ gbogbo ẹnu waya tí wọ́n ń gbé wá bá mi. Mo lè mọ ọkọ̀ Houston láìwo nọ́ńbà ẹ̀, kí n ṣáà ti wo ìdí antenna.

Àrẹ̀mú, Calgary

Ẹ wá sí Calgary, kò sí ìpẹtà. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ oṣù kìíní, gyro, àgbá tó ń yí nínú ojú horizon, á kọ́kọ́ ké bí ọmọ tí wọ́n ń wẹ̀ fún kó tó gbà láti yí.

Àkànkẹ́, Atlanta

Ọ̀rọ̀ ọmọ lẹ fi rán mi létí nǹkan. Ní àná, mo ń sọ̀ kalẹ̀ sí PDK, pápá kan ní Atlanta, mo rí àwọn ọmọ kéékèèké lórí kóríko, wọ́n ń juwọ́. Mo rántí àwa náà nílé, tá a máa ń sá jáde láti inú yàrá bá a bá ti gbọ́ ìró ẹ̀, ká máa pariwo "Ẹ̀rọpiléènì, ó dàbọ̀!" títí á fi wọ inú ọyẹ́. N kò mọ̀ rárá nígbà náà pé ẹnì kan lè wà nínú ẹ̀ tó ń rí wa. Mo mi apá ọkọ̀ sí wọn. Omi bọ́ lójú mi kí n tó débi ilẹ̀.

Àdùkẹ́, London

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti pa mí. Ìró yẹn gan-an ni mo fi ra ọkọ̀ mi. Ọkọ̀ tuntun ò dún bẹ́ẹ̀.

Àbíkẹ́, Houston

Èmi, èdè ló ń ṣe mí bí àárẹ̀. Látàárọ̀ dalẹ́, "say again" ni wọ́n ń sọ sí mi lórí rédíò. Lọ́jọ́ kan, èmi àti Bọ̀dá Àlàó pàdé lójú ọ̀run, a bọ́ sórí 122.75, ìlà rédíò tí awakọ̀ fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, ó ní, "Ẹ kú ojú ọ̀run o, ìyàwó wa." N kò lè dáhùn fún ìgbà pípẹ́.

Àlàó, Dallas

Mo rò pé rédíò ẹ ti kú ni.

Àyìnlá, Chicago

Ẹ jẹ́ ká pàdé níbi àjọ̀dún ọkọ̀ òfurufú ní Oshkosh, Wisconsin, lóṣù keje. Kí Àjàní gbé odi ẹ̀ wá bẹ́ẹ̀. Ní Fisk, ibi tá a ń gbà wọ ibẹ̀, wọn ò fẹ́ kéèyàn dáhùn, apá ni wọ́n ní ká mì. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé kò lóhùn.

Àlàó, Dallas

Tí kò bá ní alternator, kò ní dé Wisconsin, ẹ̀gbọ́n. Àjàní, o ò tíì sọ ohun tí ammeter ń sọ o.

Àjàní, Houston

Mi ò wò ó. Mo bẹ̀ yín, ẹ má bínú, ojú mi wà lára tówà. Mo ti pe mẹkáníìkì pé n kò ní san lọ́jọ́ Ajé. Bátìrì ni mo ń ṣí ìdí ẹ̀ báyìí. Nǹkan funfun bíi ìyẹ̀fun wà lára kébù ọ̀tún. Ṣé ìyẹn ni?

Àbíkẹ́, Houston

Ya fọ́tò ẹ̀. Mo ń bọ̀ níbẹ̀, mo ti wà ní ojú ọ̀nà.