Ọmọ mi fẹ́ràn kó máa ya ilé: ibo ni ká ti bẹ̀rẹ̀ nílé?

Ẹ kú iṣẹ́ òbí o, ẹ̀yin ará wa. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Ọmọ mi obìnrin jẹ́ ọmọ ọdún 15, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin jẹ́ 13. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n ti ń ya ilé sẹ́yìn ìwé rẹ̀. Àwọn ilé náà wuni: òrùlé gogoro, gíláàsì láti òkè délẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí mo bi í pé ibo lèèyàn máa gbà dé òkè, kò rí èsì fọ̀. Kò fi àtẹ̀gùn sí i rárá. Ti àbúrò kì í ṣe àwòrán. Páálí ló ń gé kiri, ohun tó bá sì fi kọ́ ń wó kí ilẹ̀ tó ṣú.

Èmi ò mọ nǹkan kan nípa iṣẹ́ yìí, mi ò sì fẹ́ sọ ọ́ di iṣẹ́ àṣetiléwá tó máa sú wọn. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo lè ṣe pẹ̀lú ohun tó wà nílé?

Ayàwòrán-ilé
Ẹ kú akitiyan, mà. Ìbéèrè àtẹ̀gùn yẹn gan-an ni ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́, ẹ ti bẹ̀rẹ̀ láìmọ̀. Kó fi ojú òde ilé sílẹ̀ ná, kó ya yàrá tó ń sùn. Ẹ fún un ní téèpù ìwọ̀n, kí àbúrò di orí kejì mú. Kí wọ́n wọn ògiri, fèrèsé, ibùsùn, títí kan àyè tí ilẹ̀kùn ń gbà ṣí. Kí wọ́n wá yà á sórí ìwé gíráàfù ní síkéèlì 1:50, ìyẹn ni pé sẹ̀ǹtímítà 2 lórí ìwé dúró fún mítà 1.

Ẹ sọ fún un pé pláànù kì í ṣe ohun tí ẹyẹ ń rí lókè òrùlé. Ńṣe ló dà bí ìgbà tí a fi ayùn gé ilé ní nǹkan bíi mítà 1.2 sókè ilẹ̀, tí a gbé apá òkè kúrò, tí a wá ń wo inú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí fèrèsé fi ń hàn nínú pláànù.

Tó bá kan àtẹ̀gùn, kó wọn èyí tó bá rí. Kó mú gíga ipele kan lọ́nà méjì, kó fi ibú ibi tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ kún un. Bí àpapọ̀ rẹ̀ bá bọ́ sí àárín sẹ̀ǹtímítà 60 sí 65, ara á tu ẹni tó ń gùn ún. Tí òkè bá ga tó mítà 3 sí ìsàlẹ̀, ipele 18 tó ga ní bíi sẹ̀ǹtímítà 16.7 ló máa gbé e débẹ̀. Bí ibú ìtẹ̀sẹ̀ bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 28, àtẹ̀gùn tó lọ tààrà máa gbà tó mítà 4.76 nínú ilé (ìtẹ̀sẹ̀ 17 ni, torí ilẹ̀ òkè fúnra rẹ̀ ni ìkejìdínlógún). Ìgbà yẹn lojú rẹ̀ á là!

Olùkọ́ físíìsì
Ti àbúrò ni tèmi. Kó fi igi tín-ín-rín mẹ́rin ṣe onígun mẹ́rin, kó tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́: á wọ́. Kó wá fi igi kan dábùú láti igun dé igun, kó tún tì í. Onígun mẹ́ta kì í yí igun rẹ̀ padà àfi tí ẹ̀gbẹ́ kan bá gùn sí i tàbí tó bá kúrú. Bóyá àìsí ìdábùú bẹ́ẹ̀ ló ń wó àwọn ilé páálí rẹ̀. Kó tún ká ìwé kan bí òpó, kó máa to ìwé lé e lórí lọ́kọ̀ọ̀kan, kó sì kọ iye tó gbé sílẹ̀.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù: ẹ fi ẹ̀wọ̀n kọ́ láti orí méjèèjì, ẹ ya fọ́tò rẹ̀, ẹ dorí fọ́tò kodò. Áàkì nìyẹn, ìyẹn ohun tí a kọ́ tó tẹ̀ bí òṣùmàrè. Ẹ̀wọ̀n tó rọ̀ kò mọ̀ ju kí a fà á lọ. Tí a bá dorí rẹ̀ kodò, fífà náà di títẹ̀, títẹ̀ ni òkúta àti bíríkì sì lè gbà dáadáa. Ayàwòrán-ilé kan tó ń jẹ́ Antoni Gaudí so okùn àti àpò kéékèèké tí òjé wà nínú wọn rọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tó ń ronú ṣọ́ọ̀ṣì Colònia Güell nítòsí Barcelona.

Òbí kan
Ṣé ó pọn dandan kó jẹ́ pẹ́ńsù ni? Ọmọ tèmi kórìíra rẹ̀. SketchUp, ètò kan tí wọ́n fi ń ya ilé lórí kọ̀ǹpútà, ló fi wọlé, ó sì ń ṣe dáadáa.

Ayàwòrán-ilé
Mi ò ní bá yín jiyàn lórí ìyẹn, sà. Àníyàn mi ni pé ojú kọ̀ǹpútà ń sún mọ́ni, ó ń jìnnà, ọmọ kì í pẹ́ gbàgbé bí èèyàn ṣe tóbi tó. Kó kọ́kọ́ wọn yàrá rẹ̀, kó wá fi ìwọ̀n náà sínú kọ̀ǹpútà. Ẹni tó sì ń fi páálí kọ́lé, kó gé èèyàn kan sínú rẹ̀. Ní 1:50, ẹni tó ga ní mítà 1.7 á jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 3.4.

Káfíńtà
Ẹ jọ̀ọ́, rúlà onírin ni kí wọ́n fi gé páálí, kì í ṣe ti ike; abẹ máa ń gun ike. Kí wọ́n fà á fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta dípò kí wọ́n fi agbára tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Ìka ọwọ́ kejì kò gbọdọ̀ sí lójú ọ̀nà abẹ.

Ẹni tó béèrè
Ẹ ṣeun gan-an. A wọn yàrá náà lánàá. Ìṣòro kan ni pé àwòrán rẹ̀ kọ̀, kò pàdé! Ògiri kan jẹ́ mítà 3.42, èyí tó dojú kọ ọ́ jẹ́ 3.36. A tún un wọ̀n lẹ́ẹ̀mẹta. Ọmọ náà ti ń bínú pé òun ò mọ̀ ọ́n ṣe.

Káfíńtà
Ọmọ yẹn kò jẹ̀bi, mà. Ògiri ló wọ́. Kí wọ́n sàmì sí sẹ̀ǹtímítà 60 lára ògiri kan láti igun, àti 80 lára èkejì, kí wọ́n wọn àárín àmì méjèèjì. Tí kò bá jẹ́ 100 gééré, igun náà kò ṣe déédéé.

Ẹni tó béèrè
Igun ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni, ó fún wọn ní 101.5. Ariwo ayọ̀ ni wọ́n fi pè mí! Wọ́n ti tún pláànù náà yà, ògiri wíwọ́ sì wà níbẹ̀ bó ṣe rí. Àbúrò ti gbé téèpù lọ sí pálọ̀ báyìí, ẹ̀gbọ́n sì ti pa yàrá kan rẹ́ nínú ilé gogoro rẹ̀ kí àtẹ̀gùn lè ráyè.