Gáàdì ẹ́ńjìnnì alùpùpù tápá lè ká: ẹ sọ èyí tó gbà yín sílẹ̀

Arìnrìnàjò:
Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń gun máṣíìnì. Mo fẹ́ ra nǹkan tí yóò máa dáàbò bo ẹ́ńjìnnì tèmi, owó ọwọ́ mi kò sì pọ̀. Ohun tó mú mi bẹ̀rẹ̀ sí í wá a kiri ni pé máṣíìnì wó lọ́wọ́ mi níbi tó dúró sí. Kò tiẹ̀ rìn. Ilẹ̀ ibẹ̀ ṣe gẹ̀rẹ́ díẹ̀, mo ń yí i pa dà, ẹsẹ̀ mi kò tólẹ̀ dáadáa lápá ọ̀tún, ó bá rọra sùn sílẹ̀. Mo gbé e dìde, mo gbọn eruku nù, mo ní dígí nìkan ló fọ́. Àfi bí ọ́ìlì ṣe ń kán sórí bàtà mi. Pẹ́dà bíréèkì ló tẹ̀ wọnú tó lu ìdérí kíláàṣì. Ihò ọ̀hún kò ju orí bíró lọ, ó sì dá máṣíìnì dúró sílé títí wọ́n fi bá mi rí ìdérí mìíràn.

Ìbéèrè mi nìyí: gáàdì onípáìpù tó ń yí iwájú ẹ́ńjìnnì ká, kókó náílọ́ọ̀nù tí wọ́n ń dè mọ́ ẹ̀gbẹ́ fúrémù, àti ìdérí líle tí wọ́n ń gbé lé orí ìdérí ẹ́ńjìnnì, èwo ló gbà yín sílẹ̀ nínú wọn? Ohun tí ojú yín rí ni kí ẹ sọ, ẹ jọ̀ọ́. Èyí tí àwọn tó ń tà á ń wí, mo ti kà á.

Ọmọ Wẹ́dà:
Onípáìpù ni, ẹ̀gbọ́n. Iṣẹ́ irin ni mò ń ṣe, mo sì máa ń rí àwọn gáàdì tí wọ́n bá gbé pa dà wá lẹ́yìn ìṣubú. Páìpù tó fẹ̀ tó mílímítà 25, tí ara rẹ̀ nípọn tó mílímítà 2, tó fún máṣíìnì tó wó lórí ìdúró àti èyí tó ṣubú níbi tó ti ń rọra lọ. Àwọn kan á wá bá mi pé kí n lo irin tó ki jù bẹ́ẹ̀ lọ, àní irin tí inú rẹ̀ kò ṣófo rárá. Mi ò kí ń gbà. Irin tí kò bá lè tẹ̀, gbogbo agbára ìṣubú náà á gba inú rẹ̀ lọ síbi tí bóòtù ti mú un mọ́ ẹ́ńjìnnì, álúmíníọ̀mù sì ni ibẹ̀. Wọ́n ti gbé máṣíìnì kan wá tí ọ̀dà ara gáàdì rẹ̀ kò tiẹ̀ bó, ṣùgbọ́n etí ẹ́ńjìnnì tí wọ́n de gáàdì mọ́ ti ya kúrò. Ìdérí kíláàṣì ṣeé pààrọ̀. Etí ẹ́ńjìnnì tó bá ya, ara ẹ́ńjìnnì gan-an ló ya yẹn, ẹ ó tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀.

Nítorí náà, ẹ má wo kíki irin nìkan. Ẹ wo iye ibi tí wọ́n ti dè é. Ibi méjì ní ẹ̀gbẹ́ kan kéré. Mẹ́ta dára, kí ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ ara fúrémù. Kí ẹ tún wò ó bóyá irin kan wà níwájú tó so apá ọ̀tún pọ̀ mọ́ apá òsì. Ibi tí àwọn tó ń ṣe èyí tó pọ́ọ́kú ti sábà máa ń rẹ́ owó kù nìyẹn, tí kò bá sì sí níbẹ̀, apá tó kan ilẹ̀ nìkan ni yóò dá ẹrù náà gbé.

Ẹ kò gbọdọ̀ gbà kí ẹnikẹ́ni jó gáàdì mọ́ fúrémù o. Bóòtù ni kí wọ́n fi dè é. Iná máa ń sọ ara irin fúrémù di hẹ́gẹhẹ̀gẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ìjó, lọ́jọ́ tí gáàdì bá sì tẹ̀, ẹ ó wá fi ayùn gé e ni. Tó bá sì di dandan kí wọ́n fi iná kan ohunkóhun lára máṣíìnì láti mú ìwọ̀n, kí wọ́n yọ wáyà bátìrì ná.

Ẹsẹ̀ Gígùn:
Gáàdì gba ẹ́ńjìnnì mi. Kò gba orúnkún mi. Mo kàn ní kí n sọ ọ́ kí ẹnì kan má bàa rò pé òun ra méjì pọ̀.

Akàwé:
Ẹsẹ̀ Gígùn kò parọ́. Ìwádìí Harry Hurt àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Southern California, tó jáde ní 1981, tú jàǹbá alùpùpù 900 wò fínnífínní ní agbègbè Los Angeles. Ohun tí wọ́n rí nípa gáàdì ni pé kò dín ìpalára ẹni tó ń gùn ún kù: èyí tó bá dín kù lọ́rùn ẹsẹ̀ àti àtẹ́lẹsẹ̀, ara itan, orúnkún àti ojúgun ló ń jáde sí. Torí náà ẹ fi ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ sílẹ̀ fún bàtà àti ààbò orúnkún. Ẹ́ńjìnnì nìkan ni gáàdì wà fún.

Ìyá Ìbejì:
Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Ẹsẹ̀ Gígùn. Máṣíìnì tèmi jẹ́ irú èyí tí ike bò láti iwájú dé abẹ́, kò sáyè fún páìpù. Frame slider ni mo lò, ìyẹn kókó náílọ́ọ̀nù yẹn, tí bóòtù gígùn kan gba àárín rẹ̀ wọ ibi tí wọ́n ti de ẹ́ńjìnnì mọ́ fúrémù. Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, mo ń gba kọ́nà, ọ̀dà funfun tí wọ́n fi sàmì sójú títì yọ̀ mọ́ táyà iwájú, èmi àti máṣíìnì bá ń wọ́ lọ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Nígbà tí mo fi máa dé ìdí rẹ̀, kókó náà ti fá lọ tó ìdajì. Ojú rẹ̀ rí págunpàgun, òkúta wẹ́wẹ́ há sí i lára, ó ṣì ń gbóná. Ike ẹ̀gbẹ́ ha gan-an, ṣùgbọ́n nǹkan kan kò kan ẹ́ńjìnnì. Gbogbo ohun tó fá lára kókó yẹn, ara ìdérí ẹ́ńjìnnì ni ìbá ti fá.

Ẹ kàn máa ṣọ́ gígùn rẹ̀. Ojúgbà mi kan ra èyí tó yọ síta jù, torí ó ní yóò dáàbò bo ike náà. Ó bọ́ sórí koríko etí títì, kókó náà wọlẹ̀ bí ọkọ́, máṣíìnì bá takìtì. Bí kókó bá sì ṣe gùn tó náà ni yóò ṣe rọrùn tó láti tẹ bóòtù tó mú un. Èyí tó mọ níwọ̀n, tí orí bóòtù wọlé jìnnà nínú rẹ̀ kí náílọ́ọ̀nù lè fá púpọ̀ kí irin tó kan títì, òun ni kí ẹ rà.

Ọ̀rọ̀ bóòtù ló kù tí mo fẹ́ fẹsẹ̀ ẹ̀ múlẹ̀. Kókó tó pọ́ọ́kú kì í fi bẹ́ẹ̀ níṣòro, torí náílọ́ọ̀nù kúkú ni náílọ́ọ̀nù. Bóòtù tó bá a wá nínú páálí ni kí ẹ yẹ̀ wò. Nọ́ńbà máa ń wà lórí rẹ̀: 8.8 tàbí 10.9. Nọ́ńbà àkọ́kọ́, ẹ fi 100 sọ ọ́ di púpọ̀, ìyẹn ni agbára ìfà tó lè gbà kó tó já ní megapascal: 8.8 jẹ́ 800, 10.9 jẹ́ 1,000. Ohun tó bá wà lórí bóòtù tí ẹ máa tú kúrò lára ẹ́ńjìnnì, èyí tí ẹ máa fi rọ́pò kò gbọdọ̀ kéré sí i. Ẹ má sì jẹ́ kí èyí tó ń dán yinrin tí kì í dógùn-ún tàn yín. Tí wọ́n bá kọ A2-70 sórí rẹ̀, 700 lásán ni. Tí kò bá sí nǹkan kan lórí rẹ̀ rárá, ẹ dá a pa dà fún ẹni tó tà á.

Arìnrìnàjò:
Ẹ ṣé gan-an, mà. Ṣùgbọ́n ṣé kókó yìí lè gba ìdérí kíláàṣì sílẹ̀? Lójú tèmi, iwájú ló wà, ìdérí sì wà lẹ́yìn rẹ̀ nísàlẹ̀.

Ìyá Ìbejì:
Ó dá lórí bí máṣíìnì yín ṣe rí. Ẹ mú pákó tó gún régé. Ẹ gbé e láti ṣóńṣó kókó náà dé ẹ̀gbẹ́ táyà ẹ̀yìn, lẹ́yìn náà dé ibi ìtẹ̀sẹ̀, lẹ́yìn náà dé táyà iwájú. Ohunkóhun tó bá ń ti pákó náà síta, òun ni yóò kan ilẹ̀. Kí ẹ tó rà á, ẹ lè fi nǹkan mìíràn tó gùn tó o ṣe é, kí ẹ mú un dání síbi tí yóò wà. Báyìí ni mo ṣe mọ̀ pé tèmi gba ìdérí ọ̀tún, ó sì kù díẹ̀ kó gba ti òsì, mo wá ra ìdérí-lórí-ìdérí fún òsì nìkan.

Atúnmáṣíìnìṣe:
Ẹ jẹ́ kí n bá yín dá sí i láti inú ṣọ́ọ̀bù. Púpọ̀ nínú máṣíìnì tó ṣubú tí ọ́ìlì sì ń jò, kì í ṣe títì ló lu ẹ́ńjìnnì wọn. Pẹ́dà bíréèkì ló wọnú lọ́tùn-ún, tàbí gíà ẹsẹ̀ ló wọnú lósì tó lọ gún ìdérí kọ́ìlì tó ń mú iná wá. Ìyẹn ló ṣe Arìnrìnàjò. Nítorí náà, ohun tí mo máa ń sọ fún ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀ ni pé kó kọ́kọ́ ra gíà ẹsẹ̀ àti pẹ́dà tí orí wọn ń ká sẹ́yìn. Kò wọ́n, ọwọ́ ara yín sì lè pààrọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kó ra ìdérí líle fún ẹ̀gbẹ́ tó bá ń yọ síta jù. Gáàdì ńlá lè tẹ̀lé e nígbà tí owó bá dé. Mo mọ̀ pé Ọmọ Wẹ́dà kò ní fara mọ́ ọn.

Àwo tí wọ́n ń fi sábẹ́ ẹ́ńjìnnì ńkọ́? Ẹni tó ń gba ojú ọ̀nà olókùúta ló nílò rẹ̀. Ẹni tó bá ń rìn lórí títì nìkan, owó rẹ̀ ló ń jó. Tí ẹ bá sì máa rà á, kí ihò wà níbi ìdè tí a ń gbà fa ọ́ìlì jáde, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ ó máa tú gbogbo rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ ọ́ìlì. Gáàdì náà bẹ́ẹ̀: ẹ gbé ọwọ́ dé ibi fílítà àti pílọ́ọ̀gì kí ẹ tó sanwó. Mo máa ń gba owó iṣẹ́ lé e fún àwọn tí gáàdì wọn dí mi lọ́nà, mi ò sì tijú.

Lọ́jọ́ tí ó bá ṣubú, bọ́tìnì pupa tó ń pa ẹ́ńjìnnì ni kí ọwọ́ yín kọ́kọ́ lọ. Ọ̀pọ̀ máṣíìnì tó ń lo injector, ìyẹn ohun tó ń fi iná mànàmáná fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnnì, máa ń pa ara wọn tí wọ́n bá dùbúlẹ̀. Oníkábúrétọ̀ lè máa ṣiṣẹ́ lọ níbẹ̀, níbi tí ọ́ìlì kò ti dé ẹnu ohun tó ń fà á mọ́. Ẹ gbé e dìde, ẹ jẹ́ kí ọ́ìlì sọ̀ kalẹ̀, ẹ wo ìwọ̀n rẹ̀, ẹ wo ìdérí méjèèjì, ẹ sì wo táyà ẹ̀yìn. Ọ́ìlì tó bá ta sí táyà ẹ̀yìn á tún gbé yín ṣánlẹ̀ ní kọ́nà tó kàn. Fún ihò kékeré, epoxy, ìyẹn àtè líle, tó wà fún irin lè gbé yín délé, tí ẹ bá ti fi pẹtiróòlù nu ojú ibẹ̀ tó mọ́ tónítóní tó sì gbẹ. Títí délé ni mo wí o.

Ọmọ Wẹ́dà:
Lóòótọ́ ni mi ò fara mọ́ ọn, ṣùgbọ́n mi ò ní jà. Ọ̀rọ̀ pẹ́dà yẹn bọ́gbọ́n mu.

Akàwé:
Mo rí àwọn tó ń fi tíúbù táyà àlòkù wé gáàdì kí ọ̀dà má bàa bó. Kí lẹ rí sí i?

Ọmọ Wẹ́dà:
Kò burú fún máṣíìnì tó ń wó lórí ìdúró. Ṣùgbọ́n tó bá ń rìn, rọ́bà máa ń di títì mú. Ẹ jẹ́ kí gáàdì yọ̀ lọ. Tó bá di mú, yóò yí máṣíìnì ká. Omi sì máa ń há sábẹ́ rẹ̀, irin á dógùn-ún láìjẹ́ pé ẹ rí i. Tí ẹ bá fẹ́ fi nǹkan sí i lára, kókó náílọ́ọ̀nù tí wọ́n ń dè mọ́ páìpù ni kí ẹ wá.

Arìnrìnàjò:
Mo ti gbé pákó sí i. Ìdérí ọ̀tún ló yọ jù lára tèmi, torí náà mo ti ra pẹ́dà tó ń ká àti ìdérí líle fún ọ̀tún. Ẹnì kan sì fẹ́ ta gáàdì àlòkù fún mi, ó ní òun kò ṣubú pẹ̀lú rẹ̀ rí. Kí ni kí n wò?

Ọmọ Wẹ́dà:
Gbogbo wọn ni kò ṣubú rí! Ẹ gbé e kalẹ̀ sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú kí ẹ wò ó bóyá ó ń mì. Ẹ fi ọwọ́ pa ẹ̀yìn gbogbo ojú ìjó, pàápàá níbi tí páìpù ti pàdé ibi ìdè, kí ẹ wá ilà tín-ín-rín tí ọ̀dà ti là. Ihò bóòtù gbọ́dọ̀ rí róbótó; tó bá ti gùn bí ẹyin, ó ti fà nígbà kan. Tí wọ́n bá ti tẹ̀ ẹ́ tí wọ́n sì nà án pa dà, ẹ fi sílẹ̀, ibi tí wọ́n ti nà á ni yóò kọ́kọ́ lọ.

Tó bá wù yín, ẹ fi gbogbo bóòtù sí i láì fún un tán, kí gáàdì fúnra rẹ̀ jókòó síbi tó yẹ, kí ẹ tó wá fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan dé ìwọ̀n tí ìwé máṣíìnì sọ. Tó bá jẹ́ bóòtù tó gbé ẹ́ńjìnnì ni ẹ máa tú, ẹ fi jáàkì sábẹ́, ẹ̀gbẹ́ kan lẹ́ẹ̀kan. Ihò tó bá kọ̀ tí kò bára mu, ẹ má fi ọ̀pá irin yí i wọlé. Ẹ dá gáàdì náà pa dà. Tó bá sì wọlé wẹ́rẹ́, ẹ fi sípánà yẹ gbogbo rẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kan sí i lẹ́yìn ìrìn àkọ́kọ́ tó bá gùn díẹ̀, torí mímì ẹ́ńjìnnì máa ń tú bóòtù tuntun.