Báwo ni mo ṣe lè bá ọ̀gá jórinjórin sọ̀rọ̀ nítorí ojú ọmọ wa?

Ẹ̀yin ará Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ọmọ àbúrò mi, ọmọ ọdún 15, ń kọ́ṣẹ́ jórinjórin lápá Tákie. Tó bá di òru, ojú á máa ta á bí ẹni pé iyanrìn wà níbẹ̀, omi á máa dà. Iná jórin ló ń jó ẹyin ojú: gíláàsì dúdú kan ṣoṣo ló wà ní ṣọ́ọ̀bù, ọ̀gá ló sì ń lò ó. Àwọn ọmọ ń fọwọ́ bojú! Wọ́n tún ń fi ẹ̀rọ gé irin, bẹ́ẹ̀ Òfin Iṣẹ́ Nàìjíríà kò gba ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 láyè iṣẹ́ ẹ̀rọ.

Ọ̀gá náà mọṣẹ́, kì í ṣe èèyàn burúkú. N kò fẹ́ kó lé ọmọ. Ta ló ti bá irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀ sọ ọ́ tó gbọ́? Àbí ẹgbẹ́ wọn ni ká kọ́kọ́ lọ bá? Níbo ni mo sì ti lè ra gíláàsì jórin gidi?