Kí ló ń mú tírélà mi máa fì lẹ́yìn ọkọ̀?

Ẹ̀yin tí ẹ mọ iṣẹ́ yìí, tírélà kékeré onítáyà mẹ́rin kan ni mo ń fi ọkọ̀ mi fà, ìwọ̀n òun àti ẹrù rẹ̀ sì jẹ́ kìlógíráàmù 2,000. Ìkọ́ tí mo fi so ó ní ọ̀pá irin méjì tí ń pín ẹrù ká orí gbogbo táyà. Síbẹ̀, bí eré mi bá ti tó kìlómítà 90 ní wákàtí kan, pàápàá nígbà tí ọkọ̀ ńlá bá ń kọjá lára mi, ẹ̀yìn tírélà á bẹ̀rẹ̀ sí í fì bí ìrù ajá, títí màá fi dín eré kù.

Mo ti kó ẹrù wúwo síwájú ibi tí táyà wà. Mo wọn ohun tó ń tẹ orí ìkọ́, ó jẹ́ kìlógíráàmù 240, ìyẹn ìdá 12 nínú 100 ìwọ̀n tírélà àti ẹrù rẹ̀, tó bọ́ sáàárín 10 sí 15 tó yẹ. Afẹ́fẹ́ táyà pé. Mo fi ojú kan dín ṣéènì tó di àwọn ọ̀pá náà mú kù, kí wọ́n lè le sí i. Fífì náà dín kù díẹ̀, ṣùgbọ́n kò tán.

Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé, lórí ilẹ̀ títẹ́jú, imú tírélà fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 5 ga ju ìdí rẹ̀ lọ. Ṣé kí n kọ́kọ́ sọ bọ́ọ̀lù ìkọ́, ìyẹn irin roboto ẹ̀yìn ọkọ̀ tí imú tírélà ń jókòó lé, kalẹ̀ ni, àbí kí n ra ọ̀pá tí ń dènà fífì kún un?