Èsì: “Awakọ̀” módẹ́ẹ̀mù. Ọkọ̀ wo ló ń wà?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ èdè wa o.

Mo ti ka àtúmọ̀ tí àbúrò wa fi ránṣẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìwé ìtọ́sọ́nà tó sọ bí èèyàn ṣe lè mú módẹ́ẹ̀mù àtijọ́ (ẹ̀rọ tí kọ̀ǹpútà fi ń gba okùn tẹlifóònù sọ̀rọ̀) àti àwọn ẹ̀rọ mìíràn tí ń lo okùn serial padà sẹ́nu iṣẹ́ lẹ́yìn tó bá ti pààrọ̀ ètò ìṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà rẹ̀ (bíi Windows tàbí Linux) sí tuntun. Iṣẹ́ ńlá ni, mo sì dúpẹ́. Àmọ́ gbólóhùn kan wà lójú ìwé kìíní tí mi ò lè fò kọjá, níbi tó ti fi “awakọ̀” túmọ̀ driver, ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀:

> Bí awakọ̀ módẹ́ẹ̀mù yín bá ti gbó jù, ẹ yọ ọ́ kúrò kí ẹ sì fi awakọ̀ tuntun rọ́pò rẹ̀.

Mo kà á sókè fún ẹnì kan nínú ilé tí kì í fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà. Ó bi mí pé kí ni bàbá náà ṣe tí wọ́n fi fẹ́ lé e lẹ́nu iṣẹ́. Kò ṣì mí gbọ́. Ohun tí gbólóhùn náà sọ gan-an ló gbọ́.

Ẹ̀gbọ́n wa tó ń kọ́ni ní èdè fèsì lọ́jọ́ Ajé pé kò sí àléébù nínú “awakọ̀”, pé driver náà ni Gẹ̀ẹ́sì pè é, àti pé bí a bá ń sọ pé awakọ̀ òfuurufú, kí ló dé tí a ò lè sọ pé awakọ̀ ẹ̀rọ? Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, ẹ fún mi láyè kí n tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀. A + wà + ọkọ̀. Ohùn ìsàlẹ̀ orí wà di ohùn àárín nítorí pé ọ̀rọ̀-orúkọ ni àbọ̀ rẹ̀, a sì pa ọ tó ṣáájú nínú ọkọ̀ jẹ. Kọ̀ ò lọ síbì kankan. Ó jókòó sídìí ọ̀rọ̀ náà gbọnin, kò sì sí bí a ṣe lè yọ ọ́ kí “awa-” tó kù ní ìtumọ̀. Driver ti Gẹ̀ẹ́sì ò gbé ohunkóhun sínú. Ọ̀rọ̀-ìṣe kan náà ni wọ́n fi ń da màlúù, òun ni wọ́n fi ń gbá ìṣó wọ igi, òun náà ni wọ́n fi ń wa ọkọ̀. Àwa ní dà, a ní gbá, a ní wà. Ìgbà tí àbúrò wa mú ọ̀kan nínú mẹ́ta, èyí tó gbé ọkọ̀ sínú ló mú. Ní ti awakọ̀ òfuurufú, ọkọ̀ òfuurufú ni ohun tó ń wà. Ọkọ̀ wà níbẹ̀. Ta ló rí ọkọ̀ lára módẹ́ẹ̀mù?

Ohun tí a ń pè ní driver yìí, kí ni iṣẹ́ rẹ̀? Ètò ìṣiṣẹ́ ní èdè tirẹ̀, ẹ̀rọ ní tirẹ̀. Ètò ìṣiṣẹ́ á ní kí wọ́n fi lẹ́tà kan ránṣẹ́, ẹ̀rọ ò mọ lẹ́tà, iye tí wọ́n bá kọ sí àyè báyìí-báyìí nínú rẹ̀ nìkan ló mọ̀. Ẹni tó wà láàárín ló ń gbọ́ ti èkíní tó ń sọ ọ́ fún èkejì. Yorùbá ti ní orúkọ fún ẹni bẹ́ẹ̀ kí kọ̀ǹpútà tó dé: ògbufọ̀. Ẹ wo fọ̀ tó wà ní ìparí rẹ̀, òun ló wà nínú fọhùn. Ọ̀rọ̀ sísọ ló wà nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ sísọ náà sì ni gbogbo iṣẹ́ tó ń lọ níbẹ̀.

Kì í ṣe ẹwà ọ̀rọ̀ nìkan ni mò ń jà fún. Orúkọ tí a bá fún nǹkan ló ń darí ọwọ́ ẹni tó fẹ́ tún un ṣe.

Ẹ gbọ́ bí ó ṣe rí fún mi. Mo ní módẹ́ẹ̀mù kan tí ń dá jókòó lórí tábìlì, oní-33.6 (iyára rẹ̀ nìyẹn), ihò ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lẹ́yìn rẹ̀. Kọ̀ǹpútà mi ò ní ihò serial rárá, nítorí náà okùn tí ń sọ USB di serial ni mo fi so wọ́n pọ̀. Linux ni mò ń lò. Tẹ́lẹ̀, bí mo bá tẹ AT, àṣẹ tí a fi ń pe módẹ́ẹ̀mù, iná pupa kékeré kan á ṣẹ́jú lójú módẹ́ẹ̀mù, á sì dáhùn pé OK. Mo fi ètò ìṣiṣẹ́ tuntun sórí kọ̀ǹpútà, mo tẹ AT, iná ò ṣẹ́jú. Mo tú okùn, mo tún un so, mo pa módẹ́ẹ̀mù, mo tún un tàn. Mo ti ń sọ nínú ara mi pé ó ti kú. Ìgbà tí mo wo dmesg, àkọsílẹ̀ ohun tí ètò ìṣiṣẹ́ ń rí, ni mo rí i pé okùn náà ti dé ojú ètò ìṣiṣẹ́ tipẹ́, ó ti fún un lórúkọ, ttyUSB0. Ògbufọ̀ wà nídìí iṣẹ́ rẹ̀. Èmi ni wọn ò jẹ́ kí n dé ọ̀dọ̀ rẹ̀: ẹgbẹ́ dialout ló ni àṣẹ ibẹ̀, orúkọ mi ò sì sí nínú ẹgbẹ́ náà mọ́. Mo fi usermod -aG dialout kọ orúkọ mi sí i, mo jáde, mo tún wọlé. Wọ́n wá ní ẹlòmíràn ń lò ó lọ́wọ́. Ètò kan tí í máa wá módẹ́ẹ̀mù kiri fúnra rẹ̀ ti wọlé ṣáájú mi, ó ń bá a sọ̀rọ̀. Mo dá a dúró. Mo tẹ AT. Iná ṣẹ́jú. OK.

Ẹ̀yin náà ẹ wò ó: ṣé ògbufọ̀ wà? Ṣé wọ́n jẹ́ kí n rí i? Ṣé ẹlòmíràn kọ́ ló ń bá a sọ̀rọ̀? Ìbéèrè mẹ́ta tó tú okùn náà nìyẹn, inú orúkọ ni gbogbo wọn ti jáde. Ẹni tí wọ́n bá sọ “awakọ̀” fún, kí ni yóò béèrè?

Orúkọ náà, ògbufọ̀, tún ṣàlàyé ohun tí ìwé náà sọ tí kò yé àwọn tó kọ́kọ́ kà á, pé àwọn módẹ́ẹ̀mù kan ń yè é nígbà tí àwọn mìíràn ń kú pátápátá. Èyí tí ń jókòó lórí tábìlì gbọ́ èdè AT, èdè tí iléeṣẹ́ Hayes fi bọ́ sọ́jà ní 1981 tí gbogbo ayé sì gbà. Ètò ìṣiṣẹ́ yòówù tó bá lè ṣí ihò serial lè pè é ní tààrà. Ihò náà ló nílò ògbufọ̀, módẹ́ẹ̀mù fúnra rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má nílò rẹ̀. Àmọ́ èyí tí wọ́n ń kì bọnú kọ̀ǹpútà, tí wọ́n yọ ọpọlọ rẹ̀ kúrò kí owó rẹ̀ lè dín kù, tí ògbufọ̀ ló ń bá a ṣe ìṣirò, èyíinì bá ògbufọ̀ rẹ̀ lọ ni. Windows oní-64 bíìtì kì í gba ògbufọ̀ tí wọ́n kọ fún oní-32. Bí kò bá sí ẹni tó kọ òmíràn, ó parí.

Arábìnrin tó kọ̀wé lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun mú “alárenà” wá. Ọ̀rọ̀ náà dùn, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ti sọ ọ́ tán: bí ìyàwó bá mojú ọkọ tán, alárenà a yẹba. Èyí tí à ń wí yìí kì í yẹba. Ọjọ́ tó bá yẹ̀, ọ̀rọ̀ tán láàárín wọn. Òwe yín gan-an ló lé ọ̀rọ̀ yín kúrò, ẹ dákun.

Bàbá mi ò sọ ògbufọ̀ rí ní tirẹ̀. Gbédègbẹ́yọ̀ ló máa ń sọ, tó bá sì ti pè é, á fa gbogbo rẹ̀ yọ láìgé ohùn kan, bí ẹni tó ń ka owó. Ìdí nìyí tó fi dùn mí láti rí “gbèdègbẹ̀yọ̀” nínú ìwé tí ẹnì kan fi ránṣẹ́. Gbọ́ èdè ló di gbédè. A pa ọ́ jẹ, ohùn òkè rẹ̀ ò kú, ó jókòó sórí è. Ẹni tó bá fi ohùn ìsàlẹ̀ síbẹ̀ ti pa gbọ́, bẹ́ẹ̀ ìgbọ́ ni gbogbo iṣẹ́ ẹni yẹn. Mo fẹ́ràn ọ̀rọ̀ náà ju ògbufọ̀ lọ, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Gígùn rẹ̀ lórí ojú kọ̀ǹpútà ni ò jẹ́ kí n mú un.

Ẹ̀wẹ̀, “èbúté onítẹ̀léra” fún serial port. Ọkọ̀ tún dé! Èbúté ni ibi tí ọkọ̀ ń gúnlẹ̀ sí. Port méjì ni Gẹ̀ẹ́sì ní tí wọ́n ń kọ bákan náà: ọ̀kan wá láti inú portus ti Látìnì, ìyẹn èbúté, èkejì láti inú porta, ìyẹn ẹnu ọ̀nà. Ihò ara ẹ̀rọ jọ ẹnu ọ̀nà ju èbúté lọ fíìfíì. Gbogbo wa là ń pè é ní ihò lójoojúmọ́, “fi okùn yẹn sí ihò rẹ̀.” Kí ló ṣe ihò? Mo ti fọwọ́ ara mi fi òjé lẹ wáyà mọ́ ẹsẹ̀ 2, 3 àti 5 nínú ihò wọ̀nyí, mi ò rí ọkọ̀ kankan tó gúnlẹ̀ síbẹ̀.

“Tẹ̀léra” náà ò tó. Lórí okùn parallel pẹ̀lú, nǹkan ń tẹ̀ lé ara wọn: bíìtì (ẹyọ 0 tàbí 1) mẹ́jọ lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, mẹ́jọ mìíràn tẹ̀ lé e. Ohun tó ya RS-232, ìlànà okùn serial, sọ́tọ̀ láti 1960 tí wọ́n ti gbé e jáde ni pé wáyà kan ṣoṣo ni bíìtì ń gbà lọ, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ihò ọ̀kọ̀ọ̀kan ni mo dábàá. Ẹnì kan ní kí n fi oní- ṣáájú kó di ihò ọlọ́kọ̀ọ̀kan, àmọ́ ojú á kọ́kọ́ rí ọlọ́kọ̀ níbẹ̀ kó tó rí ọ̀kan, ibi tí mo ti ń sá bọ̀ nìyẹn. Mi ò tíì fọwọ́ sọ̀yà lórí èyí. Ẹni tó bá ní èyí tó dára jù, kó mú un wá.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi baud, iye ìgbà tí àmì orí okùn lè yí padà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, sílẹ̀ bó ṣe wà. Orúkọ èèyàn ni, Baudot ará Faransé, gẹ́gẹ́ bí Volta ṣe wà nínú volt. Àbúrò wa sọ ọ́ di “iyára bíìtì”, ẹnì kan sì ti ń bá mi jà pé kò sí ìyàtọ̀. Ìyàtọ̀ wà. Lórí okùn serial wọn dọ́gba, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n módẹ́ẹ̀mù tí ń tẹ̀ lé ìlànà V.32 ń gbé bíìtì 9600 ní ìṣẹ́jú àáyá kan lórí baud 2400 péré, bíìtì mẹ́rin nínú àyípadà kọ̀ọ̀kan. Mo ti sọ èyí lẹ́ẹ̀mẹta, mi ò ní sọ ọ́ mọ́.

Mo ti yọ gbogbo “awakọ̀” kúrò nínú ẹ̀dà ọwọ́ mi, mo fi ògbufọ̀ sí i, mo sì fi ránṣẹ́ padà sí àbúrò wa láàárọ̀ yìí. Ẹ̀gbọ́n, bí ẹ bá fẹ́ kí a dá a padà, ẹ kọ́kọ́ fi ọkọ̀ rẹ̀ hàn mí.