Ṣé kí a wó ògiri tí ó wà láàárín ilé ìdáná àti pálọ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. A fẹ́ tún ilé wa ṣe, ó sì wù wá kí ilé ìdáná àti pálọ̀ di ọ̀kan, bí ilé ìgbàlódé, kí ìmọ́lẹ̀ lè wọlé dáadáa. Kí ni kí a kọ́kọ́ wò?

Èsì kìíní: Ẹ kọ́kọ́ wádìí bóyá ògiri náà ló gbé òrùlé tàbí ilé òkè dúró. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹnjiníà gbọ́dọ̀ ṣírò irin tàbí kọnkéré tí a ó gbé dábùú láti ru ẹrù náà kí ẹnikẹ́ni tó gbé òòlù. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má rò pé gbígbá ògiri lásán láti gbọ́ ìró rẹ̀ tó láti fi mọ̀ bóyá ó ru ẹrù.

Èsì kejì: Òótọ́ ni. Bí ẹ bá sì wó ògiri náà, kí èéfín ìdáná má baà kún pálọ̀, ẹ̀rọ afaèéfín tí páìpù rẹ̀ jáde síta ni kí ẹ rà, torí pé èyí tí ń sẹ́ afẹ́fẹ́ tí ó sì ń dá a padà sínú ilé kì í mú ọ̀rinrin kúrò.

Èsì kẹta: Bí ó bá jẹ́ ìmọ́lẹ̀ nìkan ni ẹ ń wá, fèrèsé onígíláàsì nínú ògiri náà tẹ́ mi lọ́rùn jù, nítorí pé ariwo ẹ̀rọ ìlọta kò ní máa da ẹni tí ó ń sinmi láàmú.