Báwo ni kánsẹ́lọ̀ tí kì í ṣe oníṣirò ṣe lè yẹ ìsúná káńsù wò dé ìdí?

Àdùkẹ́ béèrè pé:

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mo kí yín o. Wọ́n dìbò yàn mí sí káńsù kan ní England ní oṣù Karùn-ún ọdún tó kọjá, wọ́n sì fi mí sínú ìgbìmọ̀ aláyẹ̀wò tó ń mójú tó ìnáwó. Ìwé tí wọ́n kó fún wa kí a tó jókòó lórí ìsúná lé ní igba ojú ewé, ọjọ́ márùn-ún péré ni a sì fi kà á. Mo kà á títí ojú fi ń ro mí, ṣùgbọ́n nígbà tí alága ní kí n sọ̀rọ̀, ìbéèrè kan ṣoṣo tí mo rí bi ni bóyá wọ́n ti ro ọ̀rọ̀ àwọn arúgbó dáadáa. Ọ̀gá tó dáhùn ní bẹ́ẹ̀ ni, àwọn ti rò ó, ni a bá bọ́ sórí ọ̀rọ̀ mìíràn. Ó dùn mí wọra, nítorí pé àwọn tó dìbò fún mí ni ọ̀rọ̀ owó yìí kàn gbọ̀ngbọ̀n. Ẹ jọ̀wọ́, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? Ṣé ìgbìmọ̀ wa tilẹ̀ lágbára láti yí ohunkóhun padà?

Akọ̀wé Àná dáhùn pé:

Ẹ kú iṣẹ́, Kánsẹ́lọ̀. Ẹ má jẹ́ kí ó dùn yín jù. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ṣe akọ̀wé irú ìgbìmọ̀ yín, mo sì ti gbọ́ ìbéèrè kan náà lẹ́nu àwọn tó ti pẹ́ níbẹ̀ gan-an.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ti agbára. Òfin ìjọba ìbílẹ̀ ti ọdún 2000 ló pín káńsù sí méjì: àwọn díẹ̀ ń pàṣẹ, àwọn tó kù ń yẹ iṣẹ́ wọn wò, ẹni tó bá sì wà nínú ìgbìmọ̀ aláṣẹ kò gbọdọ̀ jókòó nínú ìgbìmọ̀ aláyẹ̀wò. Ẹ lè pe ọmọ ìgbìmọ̀ aláṣẹ tàbí òṣìṣẹ́ káńsù wá síwájú yín kí ó wá dáhùn, dandan sì ni kí ó yọjú. Bí wọ́n bá ti ṣe ìpinnu kan ṣùgbọ́n tí wọn kò tíì mú un ṣẹ, ẹ lè ní kí wọ́n tún un gbé yẹ̀ wò. Bí ẹ bá sì kọ àbá ránṣẹ́ sí wọn, oṣù méjì ni òfin fún wọn láti fèsì. Ohun tí ìgbìmọ̀ yín kò lè ṣe ni kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ yí iye owó padà, nítorí pé ìpàdé gbogbo kánsẹ́lọ̀ ló ń fọwọ́ sí ìsúná. Ìbéèrè ni ohun ìjà yín.

Ìbéèrè tí ẹ bi yẹn kò ràn nítorí pé "bẹ́ẹ̀ ni" lásán ti tó láti fi dáhùn rẹ̀. Ẹ ṣí ìwé náà lọ sí ẹ̀yìn, níbi tí wọ́n to àwọn ìnáwó tí wọ́n fẹ́ dín kù sí. Ẹ óò rí ìlà kan tó jọ èyí: "Ìtọ́jú àgbàlagbà: àtúntò ìbẹ̀wò ilé," pẹ̀lú iye owó níwájú rẹ̀. Ẹ di ìlà kan yẹn mú. Ẹ béèrè iye tí wọ́n ṣèlérí láti dín kù lórí ohun kan náà ní èṣí, kí ẹ sì béèrè iye tí wọ́n rí dín kù ní tòótọ́. Bí èkejì bá kéré sí èkíní, ẹ béèrè ibi tí wọ́n ti rí owó dí àlàfo náà. Mo ti rí i tí ìbéèrè yìí mú gbogbo yàrá dákẹ́ lọ gbári, tí ọ̀gá ètò ìnáwó ń ṣí ìwé síwá sẹ́yìn, kí ó tó wá sọ pé inú owó ìpamọ́ ni wọ́n ti mú un. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ béèrè iye ènìyàn tí ọ̀rọ̀ náà kàn.

Ẹ má sì dúró di oṣù Kejì lọ́dún tó ń bọ̀. Káńsù gbọ́dọ̀ ti fi iye owó-orí ilé lélẹ̀ kí ó tó di ọjọ́ 11 oṣù Kẹta, nítorí náà gbogbo nǹkan ti ń parí lọ nígbà yẹn. Oṣù Kẹsàn-án tàbí Kẹwàá ni kí ẹ ti ní kí wọ́n kó àbá wọn wá.

Olùṣírò dáhùn pé:

Òótọ́ ni Akọ̀wé sọ, àmọ́ ìlà kan kò tó. Káńsù lè ṣọ́ owó ìbẹ̀wò ilé lójú méjèèjì kí gbèsè sì gba ẹ̀yìn wọlé. Nígbà tí àwọn aṣàyẹ̀wò ìwé owó kọ ìròyìn lórí káńsù Croydon ní London ní oṣù Kẹwàá ọdún 2020, wọ́n bu ẹnu àtẹ́ lu àwọn kánsẹ́lọ̀ pé wọn kò ta ko àwọn aláṣẹ tó nígbà tí owó ìpamọ́ ń tán lọ, tí owó sì ń wọ ilé-iṣẹ́ ìkọ́lé tí káńsù fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, ọ̀gá ètò ìnáwó fi ìkéde abala 114 síta, èyí tó túmọ̀ sí pé ìnáwó tuntun dúró, àfi lórí iṣẹ́ tí òfin sọ di dandan. Ohun kan náà ti ṣẹlẹ̀ sí káńsù Northamptonshire ní ọdún 2018, nígbà tó sì di oṣù Kẹrin ọdún 2021, wọ́n tú káńsù náà ká pátápátá.

Òfin ìjọba ìbílẹ̀ ti ọdún 2003 mú un ní dandan fún ọ̀gá ètò ìnáwó láti kọ ọ́ fún káńsù bóyá ìṣirò inú ìsúná ṣeé gbára lé, àti bóyá owó ìpamọ́ tó. Bí ẹ kò bá ráyè ka igba ojú ewé, ẹ ka ìyẹn lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Àbẹ̀ní dáhùn pé:

Aráàlú lásán ni mí, ṣùgbọ́n "àtúntò ìbẹ̀wò ilé" yẹn dé ilé wa. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni aláàbójútó máa ń lò lọ́dọ̀ màmá mi láràárọ̀ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí wọ́n tún un tò, ó di ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Obìnrin náà kì í bọ́ kóòtù rẹ̀ mọ́ bó bá wọlé. Á gbé oúnjẹ kalẹ̀, á ka oògùn, á sì jáde kí màmá tó jẹun débì kan. Kò sẹ́ni tó bi wá ní nǹkankan kí wọ́n tó ṣe é. Kánsẹ́lọ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ pe irú wa wá sí ìpàdé yín kí a fẹnu ara wa sọ ọ́.

Akọ̀wé Àná tún fèsì pé:

Ẹ ṣeun, Àbẹ̀ní, Ọlọ́run á tọ́jú Màmá. Ìgbìmọ̀ lè pe aráàlú wá sọ̀rọ̀, ó sì yẹ kí ó máa ṣe bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Kejì ọdún 2013, ìròyìn ìwádìí tí agbẹjọ́rò Robert Francis darí lórí ilé-ìwòsàn Mid Staffordshire ní England dá àwọn ìgbìmọ̀ aláyẹ̀wò ìbílẹ̀ lẹ́bi pé wọn kò wádìí jinlẹ̀ tó nígbà tí àwọn aláìsàn ń jìyà níbẹ̀.

Àdùkẹ́ fèsì pé:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo padà sínú ìwé náà lálẹ́ àná, mo sì rí ìlà tiwa ní ojú ewé 148: "àtúnyẹ̀wò gígùn ìbẹ̀wò." Mo ti kọ̀wé sí ọ̀gá ètò ìnáwó pé kí ó fi iye ti èṣí ránṣẹ́ sí mi, èyí tí wọ́n ṣèlérí àti èyí tí wọ́n rí. Mo tún ti bẹ alága pé kí a pe ìdílé méjì àti aláàbójútó kan wá sí ìpàdé tó kàn. Ó ní òun yóò ro ó. Mo ní kí ó sọ ọjọ́ tí òun yóò rò ó tán fún mi.